Láti Tán-án-ná dé Ìlù Etí: Bí Ìró Ọ̀rọ̀ Ṣe Ń Jáde àti Bí Ènìyàn Ṣe Ń Gbọ́ Ọ

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Ìkìlọ̀ ni òwe yìí jẹ́ fún ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀, pé ohun tí ó bá ti bọ́ lẹ́nu kò ṣeé kó padà. Ṣùgbọ́n kò sí ẹyin tí ó bọ́ tí kò ní ibi tí ó balẹ̀ sí. Etí ni ohùn ń balẹ̀ sí. Bí kò bá sí etí tí yóò gbà á, tàbí bí etí tí ó gbà á bá ní àléébù, ohun tí ẹnu sọ kò tíì di ọ̀rọ̀. Afẹ́fẹ́ tí ó gbọ̀n tí ó sì dákẹ́ lásán ni.

Nínú ẹ̀kọ́ fònẹ́tíìkì èdè Yorùbá, ẹnu ni iṣẹ́ pọ̀ sí jù lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ mọ àwọn ẹ̀yà ara ìfọ̀ dáadáa. Ó lè ya àwòrán wọn. Ó lè sọ pé ìró b jẹ́ àfètèpè, pé ìró s jẹ́ àfèrìgìpè, pé ìró m sì jẹ́ aránmúpè. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bi í léèrè bí ìró b náà ṣe di ohun tí ọmọ tí ó jókòó sẹ́yìn kíláàsì gbọ́, ìdáhùn rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ kún ojú ìwọ̀n. Àlàfo yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdánwò nìkan. Olùkọ́ tí kò mọ bí etí ṣe ń ṣiṣẹ́ lè na ọmọ tí kò gbọ́ràn, kí ó pè é ní olódo tàbí olóríkunkun, nígbà tí ó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kò dé ọ̀dọ̀ ọmọ náà rárá.

Iṣẹ́ yìí tọ ipasẹ̀ ìró láti ibi tí ó ti ṣẹ̀ dé ibi tí ó ti ní ìtumọ̀. Ó ṣe àlàyé ohun tí ìró jẹ́, bí ẹnu ṣe ń pèsè rẹ̀, bí dùndún ṣe ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, àti bí etí ṣe ń gbà á wọlé. Kókó tí ó fẹ́ fi múlẹ̀ ni pé ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ kò gba ojú ọ̀nà kan náà pẹ̀lú kọ́ńsónáǹtì nínú etí. Ìyàtọ̀ yìí ni olùkọ́ èdè Yorùbá lè fi mọ ọmọ tí etí ń dà láàmú.

Ohun tí ìró jẹ́

Ohunkóhun tí ó bá ń dún, gbígbọ̀n ni ó ń gbọ̀n. Ẹni tí ó bá fi ìka kan awọ ìlù nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lù ú yóò mọ̀ ọ́n lára pé awọ náà ń gbọ̀n rìrì. Bí ó bá wá fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ awọ náà mọ́lẹ̀, ìgbọ̀nrìrì yóò dópin, ìlù yóò sì dákẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bákan náà ni ti agogo onírin. Ìgbọ̀nrìrì ni ìyá ìró.

Nígbà tí awọ ìlù bá gbọ̀n síwájú, yóò ti afẹ́fẹ́ tí ó wà níwájú rẹ̀, yóò sì fún un pọ̀. Nígbà tí ó bá fà sẹ́yìn, àyè yóò ṣí sílẹ̀, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ yóò sì tú ká. Afẹ́fẹ́ tí ó fún pọ̀ yìí yóò ti èyí tí ó tẹ̀ lé e, ìyẹn náà yóò ti òmíràn, títí tí yóò fi kan etí. Ó dà bí ìgbà tí èrò tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, tí ẹni ẹ̀yìn pátápátá wá ti ẹni tí ó wà níwájú rẹ̀. Títì náà yóò dé ọ̀dọ̀ ẹni àkọ́kọ́, síbẹ̀ ẹni ẹ̀yìn kò kúrò ní ipò rẹ̀. Èyí ni wọ́n ń pè ní ìgbì ìró. Afẹ́fẹ́ tí ó wà lẹ́nu onílù kọ́ ni ó rìn dé etí olùgbọ́. Ìgbọ̀nrìrì ni ó rìn.

Nítorí náà, níbi tí kò bá ti sí ohun tí yóò gbé ìgbọ̀nrìrì, kò lè sí ìró. Robert Boyle, ọmọ ilẹ̀ Ireland, fi èyí hàn nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1660. Ó so aago kan kọ́ sínú ìgò ńlá, ó sì fi ẹ̀rọ fa afẹ́fẹ́ inú ìgò náà jáde díẹ̀díẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ ti ń dín kù ni dídún aago náà ń rẹlẹ̀, títí tí kò fi ṣeé gbọ́ mọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni aago náà kò dá iṣẹ́ dúró.

Ìró ń rìn ní ìwọ̀n mítà 343 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan nínú afẹ́fẹ́ tí kò gbóná jù tí kò sì tutù jù. Nínú omi, ó ń rìn ní nǹkan bí mítà 1,480. Ìmọ́lẹ̀ yára ju èyí lọ lọ́nà tí kò láfiwé. Ìdí nìyí tí mànàmáná fi máa ń kọ kí àrá tó sán, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìgbà kan náà ni méjèèjì ṣẹlẹ̀. Bí ènìyàn bá ka ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta láàárín méjèèjì, àrá náà sán ní nǹkan bíi kìlómítà kan sí ibi tí ó wà.

Ohun méjì ni ó ṣe pàtàkì nípa ìgbọ̀nrìrì. Èkíní ni iye ìgbà tí ohun kan ń gbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Hertz ni wọ́n ń pe òṣùwọ̀n yìí, láti fi ṣe ìrántí Heinrich Hertz, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ ilẹ̀ Jámánì. Hz ni wọ́n sì ń kọ fún ìgékúrú rẹ̀. Bí iye yìí bá ti pọ̀ tó ni ìró ṣe máa ń lọ sókè tó. Èkejì ni bí ìgbọ̀nrìrì náà ṣe le tó. Èyí ni ó ń sọ bí ìró ṣe pariwo tó, dẹ́síbẹ̀lì sì ni òṣùwọ̀n rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ kò ju nǹkan bí 30 lọ. Ìtàkùrọ̀sọ lásán tó nǹkan bí 60. Kò yẹ kí a pa ohun méjèèjì pọ̀. Ènìyàn lè pariwo pẹ̀lú ohùn ìsàlẹ̀, ó sì lè sọ ohùn òkè ní kẹ́lẹ́.

Bí ẹnu ṣe ń pèsè ìró ọ̀rọ̀

Èémí àmísóde ni agbára tí ó ń gbé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde. Láti inú ẹ̀dọ̀fóró ni ó ti ń gbéra, yóò gba inú kòmóòkun, yóò sì dé gògóńgò. Inú gògóńgò yìí ni tán-án-ná wà. Ìṣẹ́po ẹran tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ni, tí wọ́n dojú kọ ara wọn bí ètè. Nígbà tí ènìyàn bá ń mí lásán, wọ́n yà kúrò lọ́dọ̀ ara wọn. Nígbà tí ó bá fẹ́ pe ìró akùnyùn, wọ́n á sún mọ́ ara wọn. Èémí tí ó ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀ yóò tì wọ́n ṣí, wọn yóò tún padà pàdé, èémí yóò tún tì wọ́n ṣí. Ṣíṣí àti pípadé yìí ni ó ń gé èémí sí wẹ́wẹ́ tí ó sì ń sọ ọ́ di ìró.

Ó pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó fi ojú rí tán-án-ná lẹ́nu iṣẹ́. Olùkọ́ orin kan tí ń jẹ́ Manuel García ni ó ṣe é ní ọdún 1854. Ó ki dígí kékeré kan bọ ọ̀fun ara rẹ̀, ó fi dígí mìíràn darí ìtànṣán oòrùn sí i, ó sì rí tán-án-ná tirẹ̀ tí ó ń ṣí tí ó ń padé bí ó ti ń kọrin. Kò jẹ́ tuntun pé ẹni tí ohùn jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ fẹ́ mọ ibi tí ohùn ti ń wá.

Tán-án-ná àgbà ọkùnrin gùn, ó sì nípọn. Ó ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 120 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ti obìnrin ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 200, ti ọmọdé sì lè tó 300. Bí ènìyàn bá na tán-án-ná kí ó le, yóò yára sí i, ohùn yóò sì lọ sókè. Bí ó bá dẹ̀ ẹ́, ohùn yóò wálẹ̀. Ìyàtọ̀ yìí ni èdè Yorùbá gbé ìtumọ̀ lé. Igba, igbá, igbà àti ìgbà kò yàtọ̀ ní kọ́ńsónáǹtì tàbí fáwẹ́lì. Bí tán-án-ná ṣe le tàbí dẹ̀ ni ó ya iye owó kúrò lára ohun tí wọ́n fi ń bu omi, tí ó ya okùn adẹ́mu kúrò lára àkókò.

Láti mọ iṣẹ́ tán-án-ná, kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ìka lé gògóńgò kí ó pe ìró m gígùn, lẹ́yìn náà kí ó pe ìró s gígùn. Ti àkọ́kọ́ yóò gbọ̀n lábẹ́ ìka, èkejì kò ní gbọ̀n. Ìró àkùnyùn ni m, àìkùnyùn sì ni s. Méje ni àwọn kọ́ńsónáǹtì àìkùnyùn nínú èdè Yorùbá: f, h, k, p, s, ṣ àti t. Wọn kò lo tán-án-ná rárá. Ariwo èémí tí ó ń gba ojú ihò tóóró kọjá, tàbí èémí tí wọ́n sé mọ́lẹ̀ tí wọ́n sì tú sílẹ̀ lójijì, ni wọ́n jẹ́.

Ìró tí tán-án-ná pèsè kò tíì di fáwẹ́lì. Káà ọ̀fun, káà ẹnu àti káà imú ni yóò pààrọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti pọn omi sínú agbè rí mọ̀ pé bí omi ti ń kún ni dídún rẹ̀ ń yí padà, nítorí pé àyè tí afẹ́fẹ́ ní nínú agbè ń dín kù. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni káà ẹnu. Bí ahọ́n bá gòkè sí iwájú, àyè iwájú ẹnu yóò há, fáwẹ́lì i yóò sì jáde. Bí ahọ́n bá sùn sílẹ̀ tí ẹnu ya, a ni yóò jáde. Bí ètè bá ká róbótó tí ẹ̀yìn ahọ́n sì gòkè, u ni. Tán-án-ná lè máa gbọ̀n ní iye kan náà fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èyí túmọ̀ sí pé ohùn àti fáwẹ́lì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n jọ ń rìn, ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti ṣẹ̀: ohùn láti gògóńgò, fáwẹ́lì láti inú káà ẹnu.

Dùndún gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ

Àwọn onílù ti mọ ìyàtọ̀ yìí tipẹ́. Ìyáàlù dùndún ní awọ ní ojú méjèèjì, igi rẹ̀ sì fún ní àárín. Ọsán ni wọ́n fi so awọ méjèèjì pọ̀. Bí àyàn bá fún ọsán, awọ yóò le, yóò sì gbọ̀n kíákíá, ohùn òkè yóò sì jáde. Bí ó bá tú ọwọ́, awọ yóò dẹ̀, ohùn ìsàlẹ̀ ni yóò gbọ́. Ohun tí iṣan ń ṣe fún tán-án-ná nínú ọ̀fun ni ọwọ́ àyàn ń ṣe fún awọ lábẹ́ abíyá.

Ṣùgbọ́n ìlù kò ní ètè, kò ní eyín, kò sì ní ahọ́n. Kò lè pe f, kò lè pe s. Ohùn ọ̀rọ̀ nìkan ni ó ń sọ. Nítorí èyí ni gbólóhùn kan náà lórí ìlù fi lè ní ìtumọ̀ púpọ̀, tí ó sì jẹ́ pé oríkì, òwe àti ọ̀rọ̀ gígùn tí àwùjọ ti mọ̀ ni àwọn àyàn ń lò jù. Ẹni tí ó mọ oríkì náà yóò fi ohun tí ó wà lórí rẹ̀ dí àlàfo kọ́ńsónáǹtì tí ìlù kò sọ. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yóò gbọ́ pé ìlù ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò ní mọ ohun tí ó ń wí. Ó yẹ kí òǹkàwé fi èyí sọ́kàn, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà yóò padà wá níbi tí àlàyé bá ti kan etí tí ó ń kú.

Bí etí ṣe ń gbọ́

Ọ̀nà mẹ́ta ni àwọn onímọ̀ pín etí sí: etí ìta, etí àárín àti etí inú. Etí ìta ni èyí tí ojú ń rí àti ihò tí ó wọlé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti kó ìgbì ìró jọ. Ní òpin ihò náà ni ìlù etí wà, awọ pẹlẹbẹ kan tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju bíi sẹ̀ǹtímítà kan lọ. Orúkọ yìí bá a mu gan-an. Bí ìgbì ìró bá kàn án, ó ń gbọ̀n bí awọ ìlù ti ń gbọ̀n, iye ìgbà tí tán-án-ná ẹni tí ń sọ̀rọ̀ gbọ̀n ni òun náà sì ń gbọ̀n.

Lẹ́yìn ìlù etí ni etí àárín. Eegun kékeré mẹ́ta ni ó wà níbẹ̀, tí wọ́n so kọ́ra. Ìrísí wọn ni wọ́n fi sọ wọ́n lórúkọ: èkíní jọ òòlù, èkejì jọ owú alágbẹ̀dẹ, ẹ̀kẹta sì jọ irin tí agẹṣin ń ki ẹsẹ̀ bọ̀. Ẹ̀kẹta yìí kò gùn ju bíi mìlímítà mẹ́ta lọ. Òun ni eegun tí ó kéré jù lọ nínú ara ènìyàn. Iṣẹ́ wọn ṣe kókó. Omi ni ó kún etí inú, afẹ́fẹ́ kò sì ní agbára láti mi omi dáadáa. Ẹni tí ó ti rì sábẹ́ omi mọ̀ pé ariwo òkè kì í dé ìsàlẹ̀ geere. Eegun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń kó agbára tí ó bà lé gbogbo ojú ìlù etí jọ sí ojú ferese kékeré kan tí kò tó ìdámẹ́ẹ̀ẹ́dógún rẹ̀, agbára náà á sì wá tó láti mi omi.

Ọ̀nà tóóró kan wà láti etí àárín dé ọ̀fun. Òun ni ó ń ṣí gbàù nígbà tí ènìyàn bá gbé itọ́ mì lórí òkè gíga. Ti ọmọdé kúrú, kò sì dagun tó ti àgbà. Ìdí nìyí tí ọ̀fìnkìn ọmọdé fi máa ń tètè ran etí, tí omi tàbí ọyún fi ń gbá jọ sẹ́yìn ìlù etí.

Etí inú ni iṣẹ́ àrà wà. Ọ̀nà omi kan wà níbẹ̀ tí ó ká bí ìkarahun ìgbín. Bí wọ́n bá tú u, kò gùn ju nǹkan bíi mìlímítà 35 lọ. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dé òpin, sẹ́ẹ̀lì onírun tí iye wọn tó nǹkan bí 15,000 sì tò lé e lórí. Ní ẹnu ọ̀nà, awọ yìí tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì le. Ní òpin, ó fẹ̀, ó sì dẹ̀. Ìró tí ó lọ sókè gan-an ń mi ẹnu ọ̀nà, ìró ìsàlẹ̀ ń lọ mi òpin. Georg von Békésy, tí wọ́n bí ní Hungary, ni ó fi ìwádìí rẹ̀ tú àṣírí yìí, ó sì gba Ẹ̀bùn Nobel fún un ní ọdún 1961.

Bí irun orí sẹ́ẹ̀lì kan bá tẹ̀, sẹ́ẹ̀lì náà yóò ta iṣan ìgbọ́ràn lólobó, iṣan yóò sì gbé ìròyìn lọ sí ọpọlọ. Ọpọlọ ló ń ka ibi tí ìròyìn ti wá, bí ẹni ń wo àtẹ, láti mọ irú ìró tí ó jẹ́. Òun náà ni ó ń fi etí méjèèjì wéra. Ìró tí ó wá láti ọ̀tún ń kan etí ọ̀tún kí ó tó kan ti òsì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyàtọ̀ àkókò náà kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá. Èyí tó fún ọpọlọ láti mọ ìhà tí wọ́n ti pe ènìyàn.

Ọpọlọ kì í ka ohùn Yorùbá ní iye Hz. Ohùn ìsàlẹ̀ ọmọ ọdún márùn-ún lè ga ju ohùn òkè baba rẹ̀ lọ. Síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó ṣì í gbọ́, nítorí pé olùgbọ́ ń fi ohùn kọ̀ọ̀kan wé àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀ lẹ́nu ẹni kan náà. Àfiwé ni ohùn.

Nígbà tí etí kò bá gbọ́ tán

Ọmọdé tí etí rẹ̀ dá lè gbọ́ ìró láti nǹkan bí 20 Hz títí dé 20,000 Hz. Nínú ọ̀rọ̀ Yorùbá, ìgbọ̀nrìrì tán-án-ná tí ó ń gbé ohùn wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, láàárín nǹkan bí 80 sí 400 Hz. Fáwẹ́lì tún gòkè díẹ̀ ju èyí lọ. Kọ́ńsónáǹtì f, s àti ṣ ni ó wà lókè. Agbára ìró s pọ̀ jù ní òkè 4,000 Hz, agbára rẹ̀ sì kéré púpọ̀ sí ti fáwẹ́lì.

Sẹ́ẹ̀lì onírun tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà etí inú, àwọn tí ń gbọ́ ìró òkè, ni ó kọ́kọ́ máa ń kú, yálà ogbó ni ó fà á tàbí ariwo. Bí wọ́n bá ti kú, wọn kì í hù mọ́ lára ènìyàn. Ohun tí ó ń tẹ̀yìn èyí yọ ni pé kọ́ńsónáǹtì àìkùnyùn ni ó ń kọ́kọ́ sọnù, nígbà tí ohùn ṣì wà digbí. Ẹ wo àwọn gbólóhùn wọ̀nyí: Ó ti sá. Ó ti ṣá. Ó ti há. Ó ti pá. Ohùn wọn kò yàtọ̀, fáwẹ́lì wọn kò yàtọ̀. Kọ́ńsónáǹtì kan ṣoṣo ni ó ya ẹni tí ó fẹsẹ̀ fẹ kúrò lára òdòdó tí ó rọ, tí ó ya ohun tí ó kọ́ kúrò lára orí tí kò nírun mọ́. Lójú àgbà tí etí rẹ̀ ti ń rẹ̀, gbólóhùn kan náà ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ọ̀rọ̀ dùndún ni ó padà dé yìí. Àgbà bẹ́ẹ̀ ń gbọ́ ọ̀rọ̀ bí ẹni ń gbọ́ ìlù: ohùn dé, kọ́ńsónáǹtì kò dé. Ó mọ̀ pé wọ́n ń sọ̀rọ̀, ó tilẹ̀ mọ̀ bóyá ìbéèrè ni, ṣùgbọ́n ohun tí ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni ó fi ń dí àlàfo. Nítorí náà ni ó fi máa ń gbọ́ ìkíni àti òwe kedere, tí ó sì máa ń ṣi orúkọ àlejò gbọ́. Àwọn ará ilé á ní ohun tí ó wù ú ni ó ń gbọ́. Wọ́n á wá pariwo mọ́ ọn. Ariwo kì í ṣe àtúnṣe, nítorí pé fáwẹ́lì ni ariwo ń gbé sókè jù. Kí wọ́n kọjú sí i, kí wọ́n rọra pe ọ̀rọ̀ kí ó já geere, kí ó sì máa rí ètè wọn, ni ó ń ràn án lọ́wọ́.

Ogbó kò ṣeé dá dúró, ṣùgbọ́n ariwo ṣeé yẹra fún. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé àgbàlagbà lè fi etí gba ìró tí ó tó 80 dẹ́síbẹ̀lì fún wákàtí 40 ní ọ̀sẹ̀ kan láìséwu. Bí ó bá tó 90, wákàtí mẹ́rin péré ni. Ẹni tí kò ní ẹ̀rọ òṣùwọ̀n lè lo ọgbọ́n yìí: bí ẹni méjì tí ọwọ́ wọn lè kan ara wọn bá ní láti kígbe kí wọ́n tó gbọ́ra, ariwo ibẹ̀ ti pọ̀ jù fún etí. Ẹni tí ó ń jókòó ti ẹ̀rọ ìlọta, ẹ̀rọ amúnáwá tàbí gbohùngbohùn òde àríyá lójoojúmọ́ wà lára àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí bá wí, gẹ́gẹ́ bí ọ̀dọ́ tí ó ń ki ohun ìgbọ́rin bọ etí ní àtàárọ̀ dalẹ́.

Ohun tí olùkọ́ lè kà nínú àpèkọ

Nínú ìròyìn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2021, ó lé ní mílíọ̀nù 430 ènìyàn tí wọ́n nílò ìtọ́jú nítorí àìgbọ́ràn. Àjọ náà fi hàn pé bí ìdá ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún àìgbọ́ràn ọmọdé ni ó ṣeé dènà. Ọyún etí, ṣegede, èéyi àti àrùn lọ́rùnlọ́rùn wà lára ohun tí ń fà á. Ìyá tí ń fi ìyẹ́ adìẹ ro ọmọ létí tàbí tí ń kán òróró sí etí tí ń ṣọyún kò mọ̀ pé ìlù etí fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ilé ìwòsàn ni irú etí bẹ́ẹ̀ ń lọ.

Olùkọ́ kì í ṣe dókítà, ṣùgbọ́n ó ní irinṣẹ́ kan lọ́wọ́ tí dókítà kò ní. Àpèkọ ni. Bí ó bá fara balẹ̀ wo irú àṣìṣe tí ọmọ ń ṣe lemọ́lemọ́, yóò rí ìyàtọ̀ mẹ́rin.

Èkíní ni ọmọ tí ó ń fi s dípò ṣ nìkan, tí ìyókù sì pé. Bí ó bá jẹ́ ọmọ Ìbàdàn, ẹ̀ka-èdè ilé rẹ̀ ni ó ń sọ. Etí rẹ̀ kò ní àléébù kankan. Àkọtọ́ ni ó nílò.

Èkejì ni ọmọ tí ó ń sọ ohùn dáadáa lẹ́nu ṣùgbọ́n tí àmì ohùn rẹ̀ dàrú nínú ìwé. Etí rẹ̀ gbọ́, ẹnu rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ rẹ̀ ni wọn kò tíì kọ́.

Ẹ̀kẹta ni ọmọ tí ohùn àti fáwẹ́lì rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n tí f, s, ṣ, h, k àti t ń dàrú mọ́ ọn lọ́wọ́, tí ó sì ń fo òmíràn. Àpẹẹrẹ àìgbọ́ ìró òkè nìyí. Kí olùkọ́ ké sí àwọn òbí rẹ̀ kí wọ́n gbé e lọ fún àyẹ̀wò etí.

Ẹ̀kẹrin ni ọmọ tí ó ń gba gbogbo rẹ̀ bí ó bá jókòó níwájú, tí ó sì ń pàdánù gbogbo rẹ̀ bí ó bá wà lẹ́yìn, pàápàá ní àsìkò ọ̀fìnkìn. Ó ṣeé ṣe kí omi ti gbá jọ sí etí àárín rẹ̀. Èyí ṣeé tọ́jú, ó sì yẹ kí wọ́n tètè tọ́jú rẹ̀.

Kí àyẹ̀wò tó dé, ohun tí olùkọ́ lè ṣe kò ná an ní kọ́bọ̀. Kí ó mú ọmọ náà wá síwájú. Kí ó má ṣe máa sọ̀rọ̀ sí ara pátákó ìkọ̀wé, nítorí pé ètè olùkọ́ jẹ́ ìwé kíkà fún ọmọ tí etí rẹ̀ kò pé. Kí ó ti fèrèsé tí ó kọjú sí ẹ̀rọ aláriwo. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí ó fi orúkọ burúkú sílẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bá ti pè ní olódo ní ọdún mẹ́ta léraléra yóò gbà bẹ́ẹ̀ nípa ara rẹ̀, àní bí wọ́n bá wo etí rẹ̀ sàn.

Ọmọ tí kò gbọ́ràn rárá náà kì í ṣe aláìlédè. Ọwọ́ àti ojú lè gbé èdè bí ẹnu àti etí ti ń gbé e. Bí ó bá tètè bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ èdè àmì ni yóò ṣe tètè ní ohun tí yóò fi ronú tí yóò sì fi bá ẹgbẹ́ sọ̀rọ̀.

Àgbálọgbábọ̀

Ìwádìí inú iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé ìlù mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ ń bá pàdé. Ọ̀kan wà nínú ọ̀fun ẹni tí ń sọ̀rọ̀, ọ̀kan wà lábẹ́ abíyá àyàn, ọ̀kan sì wà nínú etí olùgbọ́. Ìgbọ̀nrìrì ni iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ohùn ń rìn ní ìsàlẹ̀, ó sì máa ń dúró pẹ́ nínú etí. Kọ́ńsónáǹtì àìkùnyùn ń rìn lókè, òun ni ó sì máa ń kọ́kọ́ lọ. Ẹni tí ó bá mọ èyí yóò mọ ìdí tí bàbá àgbà fi gbọ́ orin tí kò sì gbọ́ ìròyìn, yóò sì mọ ìdí tí ọmọ fi lè ka ìwé ìtàn dáadáa kí ó sì pa àpèkọ run.

Olùkọ́ èdè Yorùbá ní iṣẹ́ méjì nínú kíláàsì. Ó ń kọ́ ẹnu láti sọ, ó sì gbọ́dọ̀ máa wádìí bóyá etí gbọ́. Bí ọmọ kan bá ṣi ọ̀rọ̀ kọ, ìbéèrè tí ó yẹ kí ó ṣáájú pàṣán ni pé: kí ni ọmọ yìí gbọ́?